Aṣọ Òtútù fún Ògiri Bíríkì

Ní Peckham, Camberwell àti Deptford, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ènìyàn ti lè ra ẹlùbọ́, ṣọkọ àti pọ̀nmọ́ láì sọ Gẹ̀ẹ́sì kankan, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tó tò tẹ̀lé ara wọn lójú títì ló ti wà kí Ọbabìnrin Victoria tó wàjà ní ọdún 1901. Ilé tó wuyì ni. Àjà rẹ̀ ga, fèrèsé rẹ̀ gùn, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló sì ti fi ọdún gbọọrọ san owó rẹ̀ fún báǹkì. Ṣùgbọ́n bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó fara ti ògiri ìta síwájú díẹ̀, kẹ́ ẹ yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ògiri á ti bu, àbàwọ́n dúdú á ti hù lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé àárín, òórùn rẹ̀ á sì ti wọ aṣọ àríyá tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun tí onílé sábà máa ń ṣe ni kó pe oníṣẹ́, kó ní òtútù ti pọ̀ jù nínú yàrá yìí, kó bá òun fi nǹkan bo ògiri. Oníṣẹ́ á dé pẹ̀lú pátákó fóòmù, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, á kùn ún, á gba owó rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ gbogbo ilé á máa yìn ín. Ní ọdún kẹta òórùn á padà, àbàwọ́n kankan kò ní hàn, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ibi tó ti ń wá. Ọ̀rọ̀ omi ni ọ̀rọ̀ ògiri àtijọ́ kó tó di ọ̀rọ̀ òtútù. Ẹni tó bá lé òtútù láì kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ibo ni omi máa gbà, á kàn gbé bíbu náà láti ibi tó ti lè rí i lọ síbi tí kò ti lè rí i.

Ẹ jẹ́ ká wo ògiri fúnra rẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1920 síwájú sábà máa ń ní ògiri méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, tí àlàfo wà láàárín wọn. Òjò lè rẹ ti ìta gbingbin, ti inú kò ní mọ̀. Ilé tó dàgbà ju ìyẹn lọ kì í sábà ní àlàfo. Bíríkì ni láti ìta dé inú, ó nípọn tó íńṣì mẹ́sàn-án, ìyẹn nǹkan bí 225 mìlímítà. Kò ṣòro láti dá a mọ̀. Ẹ dúró síta kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe to bíríkì: bí ẹ bá rí ọ̀kan gígùn, ọ̀kan kúkurú, ọ̀kan gígùn, ọ̀kan kúkurú lórí ìlà kan náà, orí bíríkì tí wọ́n fi dábùú ògiri ni àwọn kúkurú yẹn. Bíríkì kan náà tó ń jẹ òjò níta ló ń wo yàrá yín nínú.

Láìmù, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun tí wọ́n sì fi omi pò, ni wọ́n fi mọ ọ́n, òun náà ni wọ́n fi rẹ́ inú rẹ̀. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kì í lé omi, gbígbà ló ń gbà á, á sì dá a padà. Òjò á rọ̀, bíríkì á mu, atẹ́gùn àti oòrùn á fà á jáde láti ojú láìmù. Nínú ilé, iná èédú ń jó nínú yàrá, èéfín rẹ̀ ń gba ṣímínì lọ sókè, bó sì ti ń lọ ló ń fa afẹ́fẹ́ tútù gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé. Inú ilé yẹn kò móoru bí a ṣe fẹ́ kó móoru lónìí, àmọ́ ó ń gbẹ. Láti ìgbà náà wá, a ti dí ṣímínì. A ti yọ fèrèsé onípákó, a fi oníke onígíláàsì méjì tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá rọ́pò rẹ̀. A ti fi sìmẹ́ǹtì dí àárín bíríkì níta, a sì fi ọ̀dà oníke kun inú.

Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Ìwó ti rí ìbátan ìṣòro yìí. Ilé alámọ̀ tó ti dúró láti ayé bàbá bàbá wọn, ọmọ kan rówó, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kó lè dà bí ilé ìgbàlódé. Omi ń gba ẹsẹ̀ ògiri gòkè bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ojú ibi tó máa gbà jáde mọ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, sìmẹ́ǹtì á wú, á là, á sì ya bọ́ pẹ̀lú ìpele amọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Omi wo ló wá wà nínú yàrá? Afẹ́fẹ́ tó móoru lè gbé omi ju èyí tó tutù lọ. Ní ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga lè gbé nǹkan bíi gíráàmù 17 omi. Ní ìwọ̀n 10, agbára rẹ̀ kò ju 9 àti díẹ̀ lọ. Ní ìwọ̀n òdo, kò pé 5. Ìdílé ẹni mẹ́rin lè tú tó lítà mẹ́wàá sínú afẹ́fẹ́ ilé lójúmọ́: èémí wọn lóru, omi ìwẹ̀ gbígbóná, ẹ̀wà tó ń hó fún wákàtí méjì, aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí hítà nítorí pé kò sí oòrùn níta.

Ká ní yàrá wà ní ìwọ̀n 20, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì jẹ́ 60 nínú 100. Ìrì á sẹ̀ sára ohunkóhun tó bá tutù tó ìwọ̀n 12. Ìdí nìyẹn tí ojú gíláàsì fi ń ṣomi láàárọ̀. Àmọ́ bíbu kì í dúró de ìrì. Bí ọ̀rinrin tó wà ní ojú ògiri gan-an bá ti ń wà ní 80 nínú 100 fún ọjọ́ bíi mélòó kan léra wọn, ó ti rí ohun tó ń wá. Nínú yàrá tí mò ń sọ yìí, ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ bí ojú ògiri bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìwọ̀n 15. Ní ọjọ́ tí ìta bá wà ní òdo, àyíká 15 yẹn náà ni ojú ògiri oníńṣì mẹ́sàn-án máa ń wà, igun yàrá àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ooru hítà kì í dé, sì ń tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀bùn ló ń mú ògiri bu.

Ó yẹ kí bíbo ògiri wo èyí sàn, ojú tí à ń rí sì ń sàn lóòótọ́. Bí ẹ bá lẹ pátákó tó nípọn ní 60 mìlímítà mọ́ ọn, ojú ògiri tuntun á gòkè sí nǹkan bí ìwọ̀n 18 tàbí 19 ní ọjọ́ òtútù kan náà. Ẹ̀yìn pátákó ni wàhálà wà. Ooru yàrá ló ń gbé bíríkì ró tẹ́lẹ̀. Ní báyìí tí pátákó ti dí i lọ́nà, ojú bíríkì tó wà ní 15 á já sí nǹkan bí 4 tàbí 5. Bí afẹ́fẹ́ yàrá bá rí ihò bíńtín gbà dé ibẹ̀, á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn, lóròòru, ní gbogbo ìgbà òtútù. Bí oníṣẹ́ bá sì lẹ pátákó náà bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń lẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni kó fi ìṣù àtè ṣóńṣó ṣóńṣó síbí síbẹ̀ kó tó tì í mọ́ ògiri, ó ti dá ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ láàárín ìṣù kan sí èkejì. Ọ̀nà yẹn yá gan-an, ó sì dín owó kù. Ní tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á láyè lára ògiri ìta ilé àtijọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń dẹ́rù bani, kó wo ohun tí National Audit Office, àwọn tó ń yẹ ìnáwó ìjọba Bírítéènì wò, sọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 nípa ilé tí wọ́n bò lábẹ́ ètò ìjọba méjì, ECO4 àti GBIS. Nínú àwọn tí wọ́n bo ògiri wọn láti ìta, ìdá 98 nínú 100 ló ní àléébù ńlá tó ń fẹ́ àtúnṣe. Nínú àwọn tí wọ́n bò láti inú, ìdá 29 ni. Lábẹ́ ètò tí ìjọba là sílẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ojú pópó.

Nítorí náà, ìta ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kò tíì kan pátákó rárá. Kí ẹ jáde nígbà tí òjò ń rọ̀, ẹ wo gọ́tà orí òrùlé àti páìpù tó ń gbé omi rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ewé kan tó dí ẹnu páìpù lè da omi lé ibì kan náà lára ògiri fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ wo àárín bíríkì: bí láìmù bá ti jẹ tán, kí bíríkìlà fi láìmù tún un ṣe, kó má fi sìmẹ́ǹtì ṣe é, nítorí sìmẹ́ǹtì le ju bíríkì àtijọ́ lọ, omi tí kò bá rí ọ̀nà gbà láàárín á gba ojú bíríkì, yìnyín á dì í, ojú bíríkì á sì máa ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀. Ìlà kan wà ní ẹsẹ̀ ògiri tí wọ́n fi pẹlẹbẹ òkúta tàbí ọ̀dà dí kí omi ilẹ̀ má baà gòkè. Ó yẹ kí ilẹ̀ ìta fi 150 mìlímítà rẹlẹ̀ sí i. Ẹni tó da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé kó lè rí ibi gbé mọ́tò sí ti sábà bo ìlà yìí mọ́lẹ̀. Ẹ wá àwọn bíríkì oníhò tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ ilẹ̀ pákó; bí ẹnì kan bá ti fi bébà dí wọn nítorí òtútù ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí wọn. Lẹ́yìn tí ẹ bá tún gbogbo èyí ṣe, ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ. Ó lè gbà tó ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn odindi kan. Ibí ni sùúrù ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń tán.

Inú ilé wá kàn. Ẹ bó ọ̀dà oníke àti bébà ògiri kúrò dé ojú láìmù àtijọ́ tàbí dé bíríkì, ẹ fi láìmù rẹ́ ẹ títí tó fi máa tẹ́jú, torí pé ojú tó tẹ́jú nìkan ni pátákó lè lẹ̀ mọ́ láì fi àlàfo sílẹ̀. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni pátákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi ṣe. Àtè oníláìmù ni wọ́n á fi pa gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n á tì í mọ́ ògiri gírígírí, wọ́n á sì tún fi láìmù rẹ́ ojú rẹ̀. Pátákó yìí kì í ṣe ọ̀tá omi. Bí ìrì díẹ̀ bá sẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, fọ́nrán igi á fà á mọ́ra, á tàn án káàkiri, á sì máa dá a padà sínú yàrá díẹ̀díẹ̀ kó tó kóra jọ. Láìmù ní tirẹ̀ ń jó bí eérú, ohun tó ń mú ògiri bu kì í sì í fẹ́ràn irú ibẹ̀. Pátákó calcium silicate wà pẹ̀lú, ó funfun, ó ń fa omi gan-an, wọ́n sì ń lò ó níbi tí àyè bá há. Owó rẹ̀ ga.

Àwọn kan wà tí wọn ò gbà bẹ́ẹ̀. Fóòmù líle tó ní bébà fàdákà lójú ni wọ́n fẹ́, wọ́n á fi téèpù dí gbogbo oríkèé rẹ̀, kí omi yàrá má lè kọjá rárá. Lórí bébà, ìṣirò náà pé. Nínú ilé tí ènìyàn ń gbé, wáyà á kọjá níbì kan, ẹnì kan á gbá ìṣó láti gbé fọ́tò ìgbéyàwó kọ́, téèpù á gbó. Ohun tó tún burú jù ni pé ibi yàrá nìkan kọ́ ni omi ti ń wá. Òjò tó rẹ bíríkì níta, bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá mú un, ń sá wá sínú, ẹ̀yìn bébà fàdákà ló sì máa dúró sí. Ìṣirò àtijọ́ tí Helmut Glaser, ará Jámánì, gbé jáde ní ìparí àwọn ọdún 1950 kò ka òjò mọ́ ọn rárá, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fi ta ọjà. WUFI, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwádìí Fraunhofer ní Holzkirchen ṣe, ń ka òjò, oòrùn àti bí bíríkì ṣe ń mumi. Bí ilé yín bá wà ní etíkun ìwọ̀ oòrùn, bíi Wales tàbí Glasgow, tí òjò ti ń fi atẹ́gùn na ògiri, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n lò ti ṣe ìṣirò yẹn fún yín. Lọ́ńdọ̀nù rọrùn díẹ̀.

Ẹ má ṣe ojúkòkòrò lórí bó ṣe máa nípọn tó. Ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Part L, fẹ́ kí ògiri tí a bá bò já sí 0.30 lórí òṣùwọ̀n U, èyí tó ń sọ bí ooru ṣe ń yára sá lọ. Ògiri bíríkì lásán wà ní nǹkan bíi 1.7. Mìlímítà 60 fọ́nrán igi á gbé e wá sí bíi 0.48. Ẹ ti dá èyí tó pọ̀ jù nínú ooru tó ń sá dúró. Bí ẹ bá fẹ́ lé 0.30 bá, ẹ̀ ń fi bí ìlọ́po méjì pátákó ra ìwọ̀nba ooru díẹ̀ sí i, bíríkì á sì túbọ̀ tutù. Ìlànà náà fúnra rẹ̀ fàyè gba ilé àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ ń mí láti má dé ibẹ̀, bí dídé ibẹ̀ bá lè ba ilé jẹ́. Ẹ rán oníṣẹ́ yín létí.

Etí àti igun ló ń tú àṣírí oníṣẹ́. Ibi tí ẹ kò bò ni gbogbo ìrì máa wá. Inú fèrèsé yíká, ẹ fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi 20 mìlímítà sí i, bí férémù bá gbà á. Ògiri tó pín ilé yín àti ti aládùúgbò yà, níbi tó ti pàdé ògiri ìta, ẹ bò ó wọlé ní nǹkan bí 400 mìlímítà. Lẹ́yìn náà ló kan ìtì igi tó gbé ilẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nínú ilé wọ̀nyí, orí igi náà wọnú ògiri bíríkì lọ ni, ó sinmi níbẹ̀ láti àádóje ọdún, ooru yàrá ló sì ń jẹ́ kó gbẹ. Bí ẹ bá bo ògiri lókè àti nísàlẹ̀, orí igi á wà nínú bíríkì tútù. Bí omi inú igi bá ti kọjá ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, olú tó ń jẹ igi lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ kò sì ní mọ̀ títí pákó á fi máa rìn lábẹ́ ẹsẹ̀. Kí kápẹ́ńtà ṣí pákó díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó fi ẹ̀rọ wọn omi inú igi kó tó di pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí igi bá tutù, ẹ dúró. Bó bá gbẹ, ẹ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ yàrá má wọlé tọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì lo pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín àjà àti ilẹ̀ òkè. Mo ti rí ìwé iye owó tí oníṣẹ́ fún onílé tí kò mẹ́nu kan igi yìí rárá. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò tọ́ sí ìbuwọ́lù.

Afẹ́fẹ́ wá ńkọ́? Ògiri tó gbóná dáadáa kò ní kí lítà mẹ́wàá yẹn má wà nínú ilé. Ìlànà Part F ní kí fáànù ilé ìwẹ̀ lè fa lítà 15 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ti orí sítóòfù fa lítà 30. Ọ̀pọ̀ fáànù tí mo mọ̀ ń ké ju bó ṣe ń fà lọ. Ẹ fi pépà ìnudọ̀tí kan sí ẹnu rẹ̀: bí kò bá lè mú un dání, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tọ̀sán tòru dára ju èyí tó ń dúró de ẹni tó máa tẹ bọ́tìnnì. Ẹ dé ìkòkò ẹ̀wà. Ẹ sá aṣọ sínú yàrá kan tó ní fáànù, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mo sọ èyí fún onílé o, n kò sọ ọ́ fún lándílọ́ọ̀dù kó lè fi na ayálégbé. Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, kú ní Rochdale ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìwádìí ilé ẹjọ́ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2022 pé ògiri tó bu nínú ilé tí wọ́n ń gbé ló fa àìsàn èémí tó pa á, lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ ti fi ẹjọ́ sùn títí. Ìgbé ayé ìdílé náà ni àwọn tó ni ilé dá lẹ́bi. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2025, òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà ti ń de àwọn tó ni ilé ìjọba àti ilé ẹgbẹ́ ní England: bí ewu bá jẹ́ pàjáwìrì, wákàtí 24 ni wọ́n ní, bí bíbu bá ti le, wọ́n gbọ́dọ̀ wá wò ó láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n tó bá ń gbé ilé káńsù, kí ó kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, kó ya fọ́tò, kó má fi ẹnu lásán sọ ọ́.

Ẹni tó ra fúláàtì nínú ilé tí wọ́n pín gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ògiri ìta. Ilé tó wà lórí àkọsílẹ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nílò àṣẹ káńsù pẹ̀lú. Kẹ́ ẹ sì pinnu ibi tí tẹlifíṣọ̀n àti kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná máa wà kí pátákó tó gòkè, torí ìṣó tí wọ́n fi ń gbé nǹkan kọ́ sára pátákó yìí yàtọ̀, ó gùn, ẹ kò sì fẹ́ máa lu ihò kiri lẹ́yìn náà.

Ọ̀dà ló kù, òun náà sì ni wọ́n máa ń fi ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Láìmù tuntun nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbẹ, onílé á sì ti máa kánjú nítorí àlejò tàbí ìkómọjáde. Pẹ́ńtà á gbé báàlì ọ̀dà tó ń dán, tó ṣeé fi omi fọ̀, dé. “Àǹtí, ọ̀dà náà ni gbogbo wọn, ìyàtọ̀ kò sí.” Ó wà. Bó bá fi èyí kùn ún, ó ti fi ike bo gbogbo ohun tí ẹ sanwó fún. Ẹ ní kó fi ọ̀dà láìmù, ọ̀dà amọ̀ tàbí ọ̀dà silicate kùn ún, kó sì fi báàlì rẹ̀ hàn yín kó tó ṣí i.